Èyí Tí Bébà Lè Dá Dúró: Ìwà Àwọn Ìtànṣán Tí Ń Jáde Láti Inú Átọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin olùfẹ́ ìmọ̀ tí ẹ péjọ, mo kí yín, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ nípa àwọn ìtànṣán inú átọ́ọ̀mù ni pé èwo ló lágbára jù nínú wọn. Èrò mi ni pé ìbéèrè náà kò tíì pé. Irú ìtànṣán tí ó jẹ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bèèrè, kí á tún bèèrè bóyá ìta ara ni ó wà tàbí inú ara, nítorí pé agbára láti rìn jìnnà nínú nǹkan àti agbára láti ba ojú ọ̀nà tí a gbà jẹ́ kì í sábà gbé pọ̀ lára ìtànṣán kan náà.

Ní ọdún 1896 ni Henri Becquerel, ní ilẹ̀ Faransé, rí i pé iyọ̀ yuréníọ̀mù, irin wúwo kan, sọ awo fọ́tò tí a fi bébà dúdú wé di dúdú, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò ràn sí i. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Ernest Rutherford ń fi alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo yuréníọ̀mù, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé irú ìtànṣán méjì ló ń jáde: ọ̀kan tí kì í pẹ́ tán, àti èkejì tí ó ń la alumíníọ̀mù kọjá. Ó pe èkínní ní alpha, ó pe èkejì ní beta. Paul Villard rí ẹ̀kẹta ní 1900, òun ni gamma. Òòfà ló wá fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gba iwájú òòfà alágbára kọjá, alpha yóò tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, beta yóò tẹ̀ gan-an sí apá kejì, gamma yóò sì máa lọ tààrà. Iná mànàmáná rere (positive) ni alpha gbé, iná òdì (negative) ni beta gbé, gamma kò gbé iná kankan.

Púrótọ́ọ̀nù méjì àti niútírọ́ọ̀nù méjì, àwọn ẹyọ tí ó máa ń wà ní àárín átọ́ọ̀mù, tí ó so pọ̀ ni alpha, èyí tí ó fi wúwo ju ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ẹyọ kékeré tí ń yí àárín átọ́ọ̀mù ká, lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 7,000. Ó ń sáré tó nǹkan bí kìlómítà 15,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, síbẹ̀ sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré ni ó lè rìn nínú afẹ́fẹ́. Gbogbo átọ́ọ̀mù tí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni iná rẹ̀ ń fa ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára wọn, kí ó sì tó dúró, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí ó ju 100,000 lọ. Bí eré rẹ̀ ti ń dínkù ni ìbàjẹ́ náà ń pọ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé òpin ìrìn rẹ̀ gan-an ni ó ti ń ṣe ọṣẹ́ jù. Bébà kan ṣoṣo tó láti dá a dúró. Awọ ara tí ó ti kú, tí ó wà lókè pátápátá lára wa, tó pẹ̀lú.

Beta kò wúwo, nítorí pé ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù lásán ni. Ó lè rìn tó mítà mélòó kan nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ alumíníọ̀mù tí ó nípọn tó mílímítà díẹ̀ a dá a dúró. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí níbí ni pé òjé kọ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi dí beta alágbára. Bí beta bá já wọ inú nǹkan tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo, dídúró rẹ̀ lójijì a máa bí ìtànṣán X, ẹni tí ó rò pé òun ti dí ewu kan a sì ti dá òmíràn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń lo phosphorus-32, ohun kan tí ń tú beta alágbára jáde, nínú yàrá ìwádìí fi máa ń jókòó sẹ́yìn ike tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Ní ti gamma, ẹ̀yà ìmọ́lẹ̀ ni, kò sì ní ibì kan tí a lè sọ pé ibẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Ṣe ni iye rẹ̀ ń fi ìdajì ìdajì dínkù. Òjé tí ó nípọn díẹ̀ ju mílímítà 6 lọ a gba ìdajì gamma tí ó ń ti inú caesium-137 wá, òmíràn bẹ́ẹ̀ a gba ìdajì èyí tí ó kù. Lẹ́yìn irú ìpele mẹ́wàá, ó ku nǹkan bí ẹyọ kan nínú 1,000.

Niútírọ́ọ̀nù, tí James Chadwick ṣàwárí ní 1932, kò ka òjé sí rárá. Bí bọ́ọ̀lù kékeré bá kọlu àpáta, yóò ta padà pẹ̀lú eré rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá kọlu bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò pín eré náà. Nítorí náà, omi àti àwọn nǹkan mìíràn tí haidirójìn pọ̀ nínú wọn ni a fi ń dá a lẹ́kun, nítorí pé àárín átọ́ọ̀mù haidirójìn àti niútírọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Òun náà ni ó máa ń sọ nǹkan tí ó bá wọ̀ di èyí tí ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tí gamma tàbí ìtànṣán X ilé ìwòsàn kọjá lára rẹ̀ kì í dà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí kankan láti máa sá fún ẹni náà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí alpha, nítorí òun ni àwọn ènìyàn máa ń fojú tín-ín-rín jù. Bí ohun tí ń tú u jáde bá gba ẹnu tàbí imú wọlé, kò sí awọ òkú tí yóò dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì mọ́, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò sì tú sílẹ̀ láàárín ibi tí kò tó ìdá mẹ́wàá mílímítà kan. Nínú ìlànà ààbò tí àgbáyé ń lò, ìlọ́po 20 ni a máa ń sọ iye alpha tí ara gbà dì, nígbà tí ti beta àti gamma jẹ́ ìlọ́po 1. Ní London, ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, Alexander Litvinenko, amí Rọ́ṣíà tẹ́lẹ̀ rí, mu tíì tí polonium-210, ohun kan tí ń tú alpha jáde, wà nínú rẹ̀. Gamma tí ń ti inú polonium yìí jáde kò tó nǹkan, nítorí náà ẹ̀rọ tí ń wá gamma kò lè tú u fó. Inú ìtọ̀ rẹ̀ ni a ti wá rí i, nígbà tí ikú ti dé tán. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Bákan náà, ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ojú rẹ̀ nípọn kò lè gbọ́ alpha rárá, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé ibẹ̀ mọ́.

Ìwà kan náà yìí ni àwọn oníṣègùn ti ń lò fún ìwòsàn. Radium-223, tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2013 fún jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ìbímọ ọkùnrin (prostate) tí ó ti tàn dé egungun, jọ kálísíọ̀mù ní ìṣe, egungun a sì máa fà á mọ́ra, pàápàá níbi tí jẹjẹrẹ ti ń mú kí egungun tuntun máa hù. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa tú alpha jáde sára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó wà nítòsí, tí púpọ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun náà kò fi ní fara gbá a, nítorí pé alpha kì í rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.