Tarkwa Bay: Ibi Tí Ẹ Ti Lè Wẹ̀ àti Ibi Tí Ẹ Ò Gbọdọ̀ Wọ Omi

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Ọdún ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí wọ́n lọ wo òkun l'Ékòó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tarkwa Bay, etíkun kan l'Ékòó, ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Bí ẹ ṣe máa dé Èkó, ẹ ò nílò mi fún ìyẹn. Ní Victoria Island, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Tarzan tàbí Mekwe. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, ni kí tọmọdé tàgbà wọ̀, kí ẹ so ó le.

Ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo omi yẹn bó ṣe rọ̀, tí ìgbì rẹ̀ ò ju kékeré lọ. Òkun kan náà ni o! Òkúta ló ń gbà á sílẹ̀. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì to òkúta ńláńlá wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, kí yanrìn má bàa dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ńlá. Abẹ́ ààbò òkúta yẹn ni Tarkwa wà.

Ẹ dúró ná, mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an. Tí òjò bá rọ̀ ládùúgbò wa tí àgbàrá ń ṣàn, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan dínà rẹ̀. Yanrìn á gbá jọ sápá òkè búlọ́ọ̀kù, omi á sì máa gbẹ́ ilẹ̀ apá ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nìyẹn. Òkun ibẹ̀ máa ń kó yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkúta dá a dúró, Lighthouse Beach, etíkun tó wà nítòsí Tarkwa, wá kún fún yanrìn, Bar Beach, etíkun Victoria Island lódì kejì, ò rí gbà mọ́. Òkun jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, títí omi fi ń ya wọ títì Ahmadu Bello. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sí báyìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká rìn. Láti Tarkwa, ẹ gba orí yanrìn lọ sápá ibi tí òkun ti ṣí gbayawu. Kò jìnnà, ọmọdé lè rìn ín. Ẹ má bọ́ bàtà lọ́sàn-án gangan, yanrìn yẹn ń jóni lẹ́sẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ariwo ìgbì kí ẹ tó rí i. Lighthouse Beach nìyẹn.

Ibí gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Èèyàn á rí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, tó ń hó funfun, lọ́tùn-ún àti lósì. Láàárín méjèèjì, á rí ibì kan tó dákẹ́, tí omi ibẹ̀ dúdú díẹ̀. Á ní, "Háà, ibí ló rọ̀." Á sì fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ibẹ̀. Rárá o! Ibẹ̀ ni omi ń gbà padà sínú agbami. Gbogbo omi tí ìgbì dà sí etíkun gbọ́dọ̀ padà, ojú ọ̀nà tóóró yẹn ló sì ń gbà, ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, á gbé e lọ. Ẹ wo ìfófòó tó léfòó níbẹ̀: ó kẹ̀yìn sí yín, ó ń lọ.

IBI TÓ DÁKẸ́ LÁÀÁRÍN ÌGBÌ NI EWU WÀ. Mo tún un sọ: ibi tó dákẹ́ láàárín ìgbì ni ewu wà!

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ lódò Ọbà. Apá kan ni odò ń ṣàn sí. Òkun ń lọ, ó ń bọ̀, ó tún ń fà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ rí tí wọ́n ń fi pátákó gun ìgbì, etí omi ni wọ́n dàgbà sí, ẹ má wò wọ́n ṣe.

Bí omi bá wá gbé èèyàn ńkọ́? Kó má bá a jà. Ẹni tó bá ń wẹ̀ bọ̀ tààrà sí etíkun, agbára rẹ̀ ló máa tán. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó léfòó, kó nawọ́ sókè. Tó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí etíkun ṣe nà lọ, títí yóò fi bọ́ lójú ọ̀nà tóóró yẹn, kó tó kọrí sí etíkun. Ẹ̀GBẸ́ ni, kì í ṣe iwájú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ fi gbé omi mímu wá, ẹ dà á nù, ẹ dé e pa, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ jù ú sí i.

Nítorí náà, Lighthouse fún ìwòran, Tarkwa fún ìwẹ̀. Ní Tarkwa náà, kí ọmọ má kọjá ibi tí ọwọ́ yín ti lè tó o.

Ọ̀rọ̀ ìpadà: kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ni kí ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ ṣàdéhùn aago tó máa wá gbé yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Kò sí títì tó jáde níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín.