Ẹ Jẹ́ Kó Fọwọ́ Kan Oúnjẹ Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí. Ẹ wo ọmọ oṣù 8 yìí dáadáa. Wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀ rọ̀ síwájú rẹ̀, kò tíì fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, pàà! Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó di ìkúùkù, ẹ̀wà ń yọ jáde láàárín ìka rẹ̀, ó ṣí ọwọ́, ó tún dì í. Ó fi pa itan. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ló tó fi ọwọ́ kan ahọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: "Ṣé wọ́n ń fi oúnjẹ ṣeré ni?" Ọmọ ọdún 5 lẹ lè bá wí bẹ́ẹ̀. Èyí kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀wà rárá. Bó ṣe ń pò ó yẹn ló fi ń mọ̀ ọ́n: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ọwọ́ pàápàá ń kọ́ṣẹ́. Ní oṣù 6, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń kó nǹkan. Tó bá fi máa tó nǹkan bí oṣù 9, àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé, á lè ṣa ẹ̀wà ẹyọ kan ṣoṣo. Ọmọ tí a ń nu lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Ó tún kan ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà gbé nǹkan rírọ̀ àti olómi oríṣi 14 síwájú àwọn ọmọ oṣù 16. Oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ọmọ kankan kò gbọ́ rí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n gbé nǹkan kan náà wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ìrísí rẹ̀ padà, wọ́n ní kí ọmọ mú un. Àwọn tó ti fọwọ́ pò ó, tó jù ú, tó tọ́ ọ wò, ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù, àgàgà àwọn tó wà lórí àga ìjẹun ọmọdé.

Kò yà mí lẹ́nu. Roboto ni bọ́ọ̀lù níbikíbi. Ẹ̀kọ ńkọ́? Láàárọ̀ ó ń ṣàn nínú ife, tó bá di alẹ́ ó ti dì sínú ewé, ó ń gbọ̀n rìrì. Ojú nìkan kò lè sọ fún ọmọ pé nǹkan kan náà ni. Torí náà, bó ti ń pò ó, ẹ máa bá a sọ ọ́: "Ẹ̀kọ rèé. Ó tutù, àbí? Ó ń yọ̀!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù tẹ́ ẹ ń ṣàròyé pé ọmọ ò gbọ́ Yorùbá, ìdí àwo oúnjẹ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti oṣù 6 ni oúnjẹ ń wọlé, ọmú ò sì gbọdọ̀ dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára. Ẹ fọ èèpo rẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kó má baà máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí iṣu sísè gùn bí ìka àgbàlagbà, kó rọ̀ débi tí ìka méjì á fi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata, ẹyin tó jinná, ẹja tí ẹ ti yọ gbogbo egungun rẹ̀. Ẹ̀pà odidi, rárá o. Oyin náà, ó di ẹ̀yìn ọdún kan. Kódà oyin ìsọmọlórúkọ, ẹnu ìyá ni kí wọ́n fi kàn.

Bí ìyá àgbà bá ń pariwo "ọwọ́ òsì!", ẹ rọra bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ méjèèjì lọmọ ń lò lásìkò yìí. Ṣùgbọ́n ní ti gbígbé ọmọ sórí itan ká máa rọ ẹ̀kọ sí i lọ́fun nígbà tó ń ké, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni: ẹ jáwọ́. Ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ọmọ jókòó gbọnrangandan, kẹ́ ẹ má sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ń wúkọ́, tó ń yọ ahọ́n, tójú rẹ̀ pọ́n, ó ń bá oúnjẹ náà jà fúnra rẹ̀. Ẹ má kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá dákẹ́, tí kò lè ké, tí kò lè wúkọ́, ó ti há a nìyẹn. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àyà lọ, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ máa ṣe é ní àṣetúnṣe, kẹ́nìkan sì máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ìdọ̀tí ńkọ́? Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ ku ìlédìí. Bí omi bá ṣòro, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, kété kẹ́ ẹ tó wẹ̀ fún un. Bó bá kọ ẹ̀fọ́ lónìí, ẹ tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn. Ó lè tó ìgbà 10 kó tó gbà á. Tó bá wá ń yí orí kúrò, tó pa ẹnu dé, ó ti yó. Ẹ gbé àwo kúrò.