Odindi Ilá Kan Nínú Àwo Mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Àlàbá yín náà nìyí, láti Salvador ní Bùràsíìlì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀, ẹ mọ ìlú yìí: kò sí oṣù tí wọn kì í rí nǹkan ṣe. Tó bá di ọjọ́ 2 oṣù kejì, òdòdó Yemọja á gba gbogbo àdúgbò Rio Vermelho. Tó bá di ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, aṣọ pupa Ọya lẹ ó máa rí nígboro. Mo ti sọ ìyẹn tó. Ti ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Caruru ni wọ́n ń pe oúnjẹ ọjọ́ náà. Ilá ni, ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi epo pupa, edé gbígbẹ, ẹ̀pà àti kajú sè títí á fi ki. Tó o bá bi wọ́n pé báwo ni tiyín ṣe pọ̀ tó, iye ilá ni wọ́n á kà fún ẹ: ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì. Ti Ìbejì ni, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì ti ìjọ Àgùdà. Ìjọ ti gbé ọjọ́ wọn sí 26 láti 1969, àwọn ará Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà, ò gbà, 27 náà ni wọ́n ń ṣe é.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò mi ló pè mí. Bí mo ṣe débẹ̀, ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ọmọdé méje jókòó sílẹ̀, wọ́n yí àwo ńlá kan ká. Àgbà kankan ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò káwọn ọmọ yẹn tó jẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, epo ń ṣàn dé ìgúnpá. Ọ̀kan wà níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ṣe ló ń fahọ́n lá apá ara ẹ̀ bí ológbò! Háà, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí mò ń rẹ́rìn-ín yẹn ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí wọn, ó ń pè wọ́n lórúkọ. Cosme. Damião. Doum. Alabá.

Ẹ dúró ná.

Doum yẹn, Ìdòwú ni, ẹnu ló gé e kúrú. Ṣùgbọ́n Àlàbá, kò sóhun tó ṣe é. Obìnrin tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" ló pe orúkọ mi. Mo ní, "Ìyá, èmi ni Àlàbá." Ó wò mí, ó ní ṣé lẹ́yìn ìbejì ni wọ́n bí mi lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí ni ìyá ẹ máa ń ṣe fún àwọn méjèèjì?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Èéyi ló mú àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì lọ kí wọ́n tó bí mi. Nílé wa n'Íbàdàn, a kì í dárúkọ wọn. Kò sí fọ́tò, kò sí aṣọ. Orúkọ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ìdòwú nìkan ló fi hàn pé àwọn kan ti ṣáájú wa. Ọdún 41 ni mo fi ń jẹ́ Àlàbá, mi ò béèrè rí pé Àlàbá ta ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ báyìí: "Bọ̀dá Àlàbá, ẹ ti jẹ oúnjẹ òrìṣà." Mo jẹ ẹ́, mo tún bu sí i! Ọjọ́ Sunday mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Títí di 1976, ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn níbí, ní Bahia ò lè ṣọdún láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú, wọ́n fún wọn lórúkọ Potogí, èdè lọ. Síbẹ̀ wọ́n rántí ẹni tó ń tẹ̀ lé Ìbejì, wọ́n rántí ẹni tó ń tẹ̀ lé Ìdòwú. Àwa ńkọ́? Ọlọ́pàá wo ló wá sílé wa? Ta ló yọ ìbọn sí màmá mi pé kó má sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀? Àwọn tó wá kí i ló ní kó gbàgbé, kó má bàa pe ibi padà. Ẹlòmíì á ní, "Ẹ̀wà loúnjẹ ìbejì, kì í ṣe ilá." Ẹ̀wà wà níbẹ̀! Àkàrà wà níbẹ̀, ìrèké, gúgúrú, gbogbo ẹ̀. Ẹ má bínú, ohùn mi ti lọ sókè.

Nígbà tó kan àwa àgbà, mo rí odindi ilá kan nínú àwo mi. Gbogbo ilé hó yèè! Ẹni tí odindi ilá bá bọ́ sí lọ́wọ́, òun náà ni yóò se caruru lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo pe màmá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo ń ṣe "hẹlóò, hẹlóò, mọ́mì." Ìgbà tó yá ni wọ́n ní:

"Kẹ́hìndé kì í jẹ ilá o. Bu ẹ̀wà tiẹ̀ sọ́tọ̀."