Ibi Tí Àṣẹ Ọ̀gá Dé Lórí Ara Òṣìṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ wá láti Akẹ̀sán, Owódé àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: bí òṣìṣẹ́ bá ṣíwọ́, tó dé ilé ara rẹ̀, ṣé ọ̀gá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó má mu sìgá, kó má mu ọtí, kó má sanra? Tèmi ni pé kò lẹ́tọ̀ọ́, àfi bó bá lè fi hàn gbangba pé ohun tí onítọ̀hún ń ṣe nílé ń tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́, tó sì lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1914, Henry Ford, oníléeṣẹ́ mọ́tò l'Amẹ́ríkà, kéde owó iṣẹ́ dọ́là 5 lójúmọ́. Owó ńlá ni láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó yan àwọn tó ń kàn sí òṣìṣẹ́ nílé láti wò bóyá ilé mọ́, bóyá baba ilé ń mutí, bóyá ó ń fowó pamọ́. Ẹni tí kò bá yege kì í gba owó náà pé. Lọ́dún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn kò ní gba amusìgá síṣẹ́ mọ́. Ìyẹn yé mi díẹ̀, torí gbígbógun ti tábà wà lára iṣẹ́ tiwọn gan-an. Àmọ́ ní 2020, U-Haul, iléeṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ìkẹ́rù háyà, gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 21 l'Amẹ́ríkà. Kí ló kan ẹni tó ń yá ọkọ̀ fún oníbàárà pẹ̀lú sìgá tí akọ̀wé rẹ̀ mu ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday?

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tiwa. Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ níhìn-ín l'Ọ̀yọ́, tó sì kú ní 1901, kọ nípa ìwọ̀fà pé ilé ara rẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ohun tó jẹ olówó ni kó roko tó tó ebè 100 fún un, nígbà tí 200 jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ọkùnrin kan. N kò sọ pé ìwọ̀fà dára; gbèsè ló so ọmọlúàbí mọ́ oko olóko. Síbẹ̀, ebè ni olówó ní ẹ̀tọ́ láti kà. Bí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ bá ṣì ní ilé tó jẹ́ tirẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó ń gbowó oṣù kò fi ní ní?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Awakọ̀ tó gbé paraga jù sọ́fun kó tó kó èrò sórí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, títì tó ti gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn wa, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ara òun ni. Ọ̀gá tó ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kó tó gba kọ́kọ́rọ́ ṣe dáadáa. Bákan náà ni ẹni tó ń se oúnjẹ tà, tí wọ́n ní kó lọ ṣàyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yàtọ̀ síra, ibẹ̀ sì ni ìrẹ́jẹ ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ tí awakọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ń sọ bóyá ọtí wà lára rẹ̀ nísinsìnyí. Ti ìtọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa ń mu igbó lemọ́lemọ́, ó lè hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Òfin kò fàyè gba igbó, òótọ́ ni, àmọ́ ọlọ́pàá nìyẹn kàn. Àyẹ̀wò sìgá tún burú jù: ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù tó ní nicotine, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, láti fi jáwọ́, àyẹ̀wò náà lè mú un bí ẹni tó ń mu ún.

Ọ̀gá á ní, “Ṣebí òun ló fọwọ́ sí i.” Ìfọwọ́sí wo? Ọmọ tó ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tó ti sin ìjọba tán, ìwé wo lẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní fọwọ́ sí? Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ní kí ọmọbìnrin ṣèlérí pé òun kò ní lóyún. Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ ọ. Ọlọ́dẹ tí wọ́n mú dúró lẹ́nu géètì láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, tó ń rún obì kí oorun má baà gbé e, wọ́n tún ní kó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ lóru.

Òfin wa kò dákẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Òfin ọdún 2014 lórí HIV kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ sọ àyẹ̀wò rẹ̀ di dandan kó tó gbani síṣẹ́. Òfin ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ àwọn ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra pàtàkì.

Ìyá kan tó ní ilé búrẹ́dì bi mí pé, “Èmi tí mò ń san owó ilé ìwòsàn wọn ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá. Apá kan owó iṣẹ́ wọn ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá, ẹ sanwó dókítà tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ẹni tó bá wù ú lọ bá a. Ẹ má bi dókítà léèrè orúkọ ẹni tó wá. Bó bá sì jẹ́ àyẹ̀wò tí iṣẹ́ ààrò gbà dandan, kí èsì wà lọ́wọ́ dókítà. Ohun tí yóò kọ sí yín kò ju pé, ‘Ó lè ṣe iṣẹ́ yìí,’ tàbí, ‘Kò tíì lè ṣe é.’”