Kí ló ń dá oyún èké sílẹ̀ lára eku?

Ẹ wo abo eku yìí. Akọ tí kò lè fún un lóyún ló gùn ún. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọjọ́ 12, ara rẹ̀ á máa ṣe bí ẹni pé oyún ti dúró. Oyún èké nìyẹn.

Ẹ mọ corpus luteum, èyí tó máa ń kù nínú àpò ẹyin bí ẹyin bá ti jáde. Tí akọ ò bá gun eku, kì í pẹ́ tó fi ń kógbá wọlé. Prolactin, họ́mọ̀nù kan tó ń wá láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ló ń gbà á là, tó ń jẹ́ kó máa tú progesterone, họ́mọ̀nù tó ń gbé oyún ró, jáde.

Ó dáa, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í rèé. Wọ́n á ní, “Họ́mọ̀nù àpò ẹyin ló bẹ̀rẹ̀ prolactin yẹn.” Rárá o! Ẹ yọ àpò ẹyin eku méjèèjì kúrò pátápátá, kí ẹ wá fi ọ̀pá dígí kékeré ta ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ jí. Prolactin á ṣì máa fò sókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ní òru, nígbà tí ilẹ̀ ń múra àtimọ́, àti ní ìrọ̀lẹ́. Àpò ẹyin ò sí níbẹ̀ mọ́! Iṣan ìmọ̀lára tó wá láti ìbàdí ló gbé ìròyìn títa yẹn lọ sí ọpọlọ. Ẹ gé iṣan yẹn, kò sí oyún èké. Mo tún un sọ: IṢAN LÓ BẸ̀RẸ̀ Ẹ̀!

Kí wá ni iṣẹ́ họ́mọ̀nù? Mo fẹ́ràn láti fi wé orin: iṣan ló dá a, estrogen (họ́mọ̀nù àpò ẹyin mìíràn) àti progesterone ló ń gbè é. Àwọn ló ń pinnu bí prolactin ṣe máa fò tó, wọn kì í sì í ṣe bákan náà sí ti òru àti ti ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, bí ẹran kékeré ṣe ń ka aago nínú ara rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Estrogen nìkan lè gbé prolactin sókè lọ́sàn-án lára eku tí wọ́n ti yọ àpò ẹyin rẹ̀, láìsí gígùn kankan. Òun náà ló wà nídìí èyí tó máa ń fò sókè lọ́sàn-án kí ẹyin tó jáde. Ìyẹn kì í ṣe oyún èké! Ti òru ni ẹ máa wá. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àbájáde ìwádìí, ẹ kọ́kọ́ wo aago tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ eku náà.