Ewédú Lójú Fèrèsé, Aró Nínú Bálùwẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí ẹ bá ń gbọ́ ohun tó ń dún pó-pó-pó lẹ́yìn mi, òjò London ni, ó ń rọ̀ sórí àwọn ike ewédú tí mo gbé síta kí òtútù lè mọ́ wọn lára. Ilé ìdáná ni mo jókòó sí lónìí. Aṣọ ti gba yàrá tí mo máa ń lò.

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé báwo ni mo ṣe sọ ọgbà àti aró di owó. Ẹ̀rín pa mí. Owó wo?

Mo gba ilẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́ kánsù, èyí tí wọ́n ń pè ní allotment níbí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró kó tó kàn mí. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, mo gbin ṣọkọ̀, ọkàn mi sì ti wà ní Peckham, níbi tí mo ti fẹ́ máa tà wọ́n. Àfi ìgbà tí mo ka ìwé àdéhùn. Láti ọdún 1922 ni òfin ti sọ pé oúnjẹ ìdílé ẹni ló yẹ kéèyàn máa fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbìn. Oko òwò kọ́. Ó dùn mí o.

Àmọ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa kò tilẹ̀ bèèrè ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ewédú tìrẹ ń hù, kí ló dé tí tèmi kì í hù?" Èèpo kóró rẹ̀ ló le. Ìyá mi kọ́ mi pé kí n dì í sínú aṣọ, kí n rì í bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí n sì tètè yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru ló ń fẹ́. Òtútù òru lè pa á níbí títí di àárín oṣù karùn-ún, nítorí náà ojú fèrèsé ni mo ti ń tọ́ ọ láti oṣù kẹrin. Mo kó ike mẹ́ta-mẹ́ta jọ, mo tà á ní £5. Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo ló fi tán. Wọ́n ní kí n máa tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbé e.

Aró wá ni olólùfẹ́ mi gan-an. Abẹ́òkúta ni ìyá àgbà mi ti ṣe é, ewé èlú ló ń gún. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá ni èmi ń lò. Tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló ní. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ aró níṣojú rẹ. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Mo fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tòun ti òpó Gbọ̀ngàn Mápó. Wákàtí méjìlélógún. Mo pè é ní £60. Oníbàárà ní, "Àǹtí, ẹ gba 40, ọmọ ìyá ni wá." Mo gbà á! Nígbà tí mo yọ owó aṣọ àti aró, ohun tó kù fún wákàtí kan kò tó owó tí ọmọ mi ń gbà láti fi ajá aládùúgbò rìn kiri. Láti ọjọ́ náà, ìborùn oníko, àdìrẹ tí a ń fi okùn dì, ni mò ń tà. Mo lè máa dì í bí mo ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n, méjìlá sì ń wọ aró lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ owó orí ńkọ́? Ìjọba fàyè gba £1,000 lọ́dún fún irú òwò kékeré yìí. Mo rò pé èrè ni wọ́n ń sọ. Rárá, gbogbo owó tó wọlé ni, kó o tó yọ owó ọjà. Mo ra ìwé kan lọ́jọ́ kejì láti máa kọ owó tó ń wọlé sí.

Bálùwẹ̀ wa ti di àwọ̀ aró báyìí. Bàbá àwọn ọmọ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn ń fọ̀ ọ́.

Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ àná pé òun fẹ́ Ìbàdàndùn, iye yòówù kí n pè. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó ike mi wọlé ná.