Ọwọ́ Kan Náà Ni: Nọ́ọ̀sì Ilé, Nọ́ọ̀sì Òkè Òkun

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ni mo wà o, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe Leeds ní England, torí náà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta lẹ́yìn mi ẹ má bínú, àwọn aládùúgbò ń lọ ata wọn, mi ò lè ní kí wọ́n dúró torí tèmi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbọ́ látìgbà tí mo ti dé, ẹnu àwa tá a wà lókè òkun gan-an ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwọn ará ilé náà ti wá gbà á lẹ́nu wa báyìí. Wọ́n á ní nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí ò láàánú lójú, pé nọ́ọ̀sì ìlú òyìnbó ló mọ èèyàn tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí o. Ó ń dùn mí wọra, torí mo mọ àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, mo mọ ti ibí mo mọ ti ọ̀hún, ẹni kan náà sì ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ mi kejì ní Leeds, òru ni ìrọbí mú mi. Agbẹ̀bí tó wọlé tọ̀ mí wá, bó ṣe rí orúkọ mi lára fáìlì báyìí ló ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ọmọ ibo ni yín?" Mo ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Áà! Ó kígbe. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí lòun ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ sílùú tẹ́ ẹ ò ti ní ìyá ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ bí ara mi ṣe máa balẹ̀ tó. Gbogbo òru yẹn Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ ra mí níbàdí, ó ń ní ẹ mí sínú, ẹ mí síta, ẹ má tíì púùṣì o, tó bá tó àsìkò màá sọ fún yín, àti pé ọmọ Ajílété kì í bẹ̀rù, ẹ kò ní bẹ̀rù, mo sì ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí ọmọ fi dé.

Lẹ́yìn tó ti tún mi ṣe tán, tó ń pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo wá ní ẹ̀yin mà láàánú o, àwọn nọ́ọ̀sì ilé wa kì í ṣe báyìí. Ó dá iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó ní, "Àǹtí mi, èmi náà ni mo wà nílé o. Èmi yìí náà. Mo máa ń jágbe mọ́ aboyún gan-an nígbà yẹn."

Kò fi ṣeré. Ó ní níbi tóun ti ṣiṣẹ́ nílé, àwọn méjì péré ló máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, wọ́ọ̀dù á sì kún bámúbámú. Ẹnì kan á máa ké níbí, ẹ̀jẹ̀ á máa dà lára ẹlòmíì lọ́hùn-ún, ọkọ ẹnìkẹta á dúró sẹ́nu ọ̀nà pé òun ò tíì rówó ra nǹkan tí wọ́n kọ fún òun, iná á lọ, àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ á ní kò sí díísù, òun á fi eyín di fóònù mú kóun lè rí ibi tóun ń rán lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wá bi mí pé, "Ta ni kí n wá rọra bá sọ̀rọ̀ nínú wọn?"

Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ NHS yìí díẹ̀, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ìlú òyìnbó, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹ àǹfààní ẹ̀ tá ò mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. July 5, 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni o, ìlú ò lówó lọ́wọ́, oúnjẹ gan-an wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n fún èèyàn ni. Mínísítà ìlera wọn nígbà yẹn, Aneurin Bevan, ọmọ awakùsà ni, ọmọ ọdún 13 lòun náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tó lọ ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú. Nílùú ẹ̀, Tredegar, ní Wales, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dá owó jọ láti inú owó ọ̀sẹ̀ wọn, owó yẹn ni wọ́n fi ń gba dókítà, tára ẹnì kan ò bá yá owó yẹn náà ló máa tọ́jú ẹ̀. Àjọ ni. Irú àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà níbí náà ni, àmọ́ èyí, ẹni tó bá ṣàìsàn ló máa kó o. Bevan wá sọ àjọ yẹn di ti gbogbo ìlú, olówó òun tálákà. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó jẹ́ aláìsàn àkọ́kọ́, ní ọsibítù Park lẹ́bàá Manchester, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i gan-an, kò sì san kọ́bọ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ọ̀fẹ́ ni, ká má tan ara wa. Ẹni tó bá wà lórí físà mọ̀ ọ́n dáadáa. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ owó físà, £1,035 ni fún àgbàlagbà kan lọ́dún kan, láti 2024, wọ́n á sì gba ti gbogbo ọdún tó wà lórí físà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, tọkọtaya tí wọ́n bá ti bímọ méjì mẹ́ta, owó tó lè kọ́lé ni wọ́n ń san yẹn, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n bá sì débẹ̀ wọ́n á tún máa yọ owó orí lára owó oṣù wọn. Mo ti sọ èrò mi nípa ìyẹn tẹ́lẹ̀, mi ò ní padà síbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí owó tí wọ́n ti kó jọ sílẹ̀ yẹn ń ṣe: lọ́jọ́ tára ò bá yá, nọ́ọ̀sì tó máa dá ẹ lóhùn ò mọ iye tó wà lápò ẹ. Kò kàn án. Kò ní béèrè. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wo ojú ẹ, kó wo ọgbẹ́ ẹ.

Nílé níbí ńkọ́, nọ́ọ̀sì la fi sáàárín aláìsàn àti owó. Òun náà ló máa sọ pé wọn ò tíì san dípọ́síìtì o, òun náà ló máa sọ pé ẹ lọ ra ìbọ̀wọ́ wá, òun náà ló máa sọ pé èsì tẹ́ẹ̀sì wà lọ́hùn-ún àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ mú rìsíìtì wá. Òun kọ́ ló ṣòfin, owó yẹn ò wọ àpò ẹ̀, òun la sì máa ń bú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an lónìí nìyẹn, tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Nígbà tí mo dé lọ́tẹ̀ yìí, ìfúnpá màmá mi lọ sókè gan-an lóru ọjọ́ kan, a gbé e lọ sọ́sibítù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ má bi mí. Bá a ṣe débẹ̀ wọ́n kọ nǹkan síwèé fún wa, ìbọ̀wọ́, kánúlà tí wọ́n máa ń kì bọ iṣan kí omi lè gbabẹ̀ wọlé, omi, sírínjì, pílásítà, gbogbo ẹ̀ pátá, àbúrò mi sáré jáde lọ sí kẹ́míìsì tó wà ní òdì kejì títì, kẹ́míìsì ti tì. Ó ń lu ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, màmá kan tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ó wo màmá mi, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó mú kánúlà kan tí aláìsàn tó ti lọ sílé fi sílẹ̀ tí wọn ò tíì já, ó ní, "Màmá, ẹ na ọwọ́ yín." Iṣan màmá mi ò tètè yọ, ó di rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń pe màmá mi ní orúkọ oríkì, títí ó fi rí i. Orí tábìlì ẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀ nínú ewé, kò tíì já okùn ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí màmá mi ti ń sùn, mọ́ínmọ́ín yẹn ṣì wà bó ṣe wà.

Nígbà tí àbúrò mi ra ti wa dé, nọ́ọ̀sì yẹn gba kánúlà kan lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi dípò nínú dúrọ́ọ̀. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ó dájú pé ẹlòmíì ń bọ̀.

Èèyàn báyìí lẹ ní kò láàánú?

Àwọn nọ́ọ̀sì ìlú òyìnbó náà, ẹ má rò pé ara tù wọ́n o. Ọ̀pọ̀ wọn, iṣẹ́ wákàtí méjìlá ààbọ̀ ni lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá wọlé ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ ló máa jáde, ìyẹn tí ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bá tètè dé. A&E, ìyẹn ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù, níbòmíì, inú kọ́rídọ̀ lẹ máa bá aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì á sì máa bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Lọ́dún 2023, ní England nìkan o, ìtọ́jú táwọn èèyàn ń dúró dè lórí ìlà lé ní mílíọ̀nù méje ààbọ̀. December 15, 2022, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ RCN, ìyẹn Royal College of Nursing, da iṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1916 tí kò da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní England rí. Àwọn kan nínú wa bú wọn nígbà yẹn. Mo lọ bá wọn dúró nínú òtútù, mo gbé tíì gbígbóná lọ fún wọn, torí mo mọ ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ mi.

Ẹ rántí 2020, nígbà kòrónà lọ́hùn-ún, tá a máa ń jáde sẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ alẹ́ Thursday, tá à ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. March 26 la kọ́kọ́ ṣe é. March 31, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé, Dókítà Alfa Saadu kú. Ọmọ Pàtígi ni, ní Kwara, òkè Ìlọrin níbẹ̀yẹn, ó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ lo ogójì ọdún nínú NHS, ó ti fẹ̀yìn tì àmọ́ ó tún padà lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí kòrónà dé. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Tí mo bá gbọ́ táwọn olóṣèlú ibẹ̀ ń sọ pé àwa àlejò la jẹ́ kí NHS kún jù, orúkọ baba yẹn ni mo máa ń rántí.

Nílé wá ńkọ́. Lọ́dún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé l'Ábújá, nílé wa níbí o, wọ́n ṣèlérí pé nínú ₦100 tí ìjọba bá fẹ́ ná, ₦15 á máa lọ sórí ìlera. Nàìjíríà ò débẹ̀ rí, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. 2021, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní ọsibítù ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀, ó lé lóṣù méjì, owó oṣù àti owó ewu iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó bá rọ́nà lọ ti lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gan-an ti fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn ò tó, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó má lọ máa kó wọn, àmọ́ ẹni tó bá fúnra ẹ̀ wáṣẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Mi ò ní bú ẹni tó lọ, èmi náà lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó lọ ò bá a lọ, orí ẹni tó kù ló bọ́ sí, ẹni tó kù yẹn ni màmá ọlọ́mọ́ínmọ́ín yẹn.

Kí la lè ṣe, àwa tá a wà níta? Àwa la máa ń rán owó nígbà tí wọ́n bá pè wá lóru, owó á sì máa pẹ́ kó tó wọlé, nọ́ọ̀sì ló sì máa gbọ́ gbogbo ariwo wa lórí fóònù. Láti 2022 òfin ti ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní tiwọn, OYSHIA, mo ti ní kí àbúrò mi lọ forúkọ màmá wa sílẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì lè ṣe gbogbo nǹkan, mo mọ̀, ṣùgbọ́n owó tó bá ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé, ó ti gbé ẹrù kan kúrò lọ́rùn nọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ bá mi pe àwọn ará ilé yín lónìí kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì wálé, tẹ́ ẹ lọ kí aláìsàn, ẹ kí nọ́ọ̀sì náà. Ẹ ní ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, yálà Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà ni tàbí Ọ̀yọ́, tàbí Leeds níbẹ̀, ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má dárúkọ ọsibítù yín, kí wọ́n má bàa yọ yín lẹ́nu. Ẹ kàn sọ bí alẹ́ kan ṣe máa ń rí fún yín, láti ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tiyín ni màá gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dìgbà náà o.